Ẹ̀jẹ̀ Kì í Dì Bí Epo: Àlàyé Nípa Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Dá àti Àwọn Oògùn Tí Kì í Jẹ́ Kí Ó Dì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá àgbàlagbà kan wọ ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Fìa, níhìn-ín ní Òṣogbo, ó sì da ohun tí ó wà nínú àpò ọ̀rá rẹ̀ sórí káńtà. Páálí warfarin kan, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà níbẹ̀ tí kò tíì ṣí, ìgò oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ kan tí ó ti mu dé ìdajì, ìwé àyẹ̀wò méjì àti àgbo inú ọ̀rá kan. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dì sí mi lẹ́sẹ̀. Omi gbígbóná ni mo ń mu láràárọ̀ kí ó lè yọ́. Èyí tí wọ́n fún mi yìí, aládùúgbò mi ní yóò sọ ẹ̀jẹ̀ mi di omi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi kò tó tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mu afúnnilẹ́jẹ̀."

N kò dá ìyá lẹ́bi. Àṣìṣe tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó kàwé jù mí lọ. Èdè wa pàápàá wà lára ohun tí ó fa ìdàrúdàpọ̀ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "dì", ni a ń lò fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò jọ ara wọn rárá. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni "dì" túmọ̀ sí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀?

Ní àkókò ọyẹ́, epo pupa máa ń dì nínú ìgò, òrí náà máa ń le. Bí a bá gbé wọn sún mọ́ iná, wọn a yọ́, nítorí pé òtútù ni ó mú wọn dì, ooru sì ni ó ń tú wọn sílẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ń mu omi gbígbóná nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ooru inú ara ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ó máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37, ìbáà ṣe omi gbígbóná ni a mu tàbí omi yìnyín. Kí omi náà tó dé ibikíbi, ara ti sọ ọ́ di ìwọ̀n tirẹ̀.

Dídì tí ó jọ ti ẹ̀jẹ̀ ni ti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń rù wá tà fún wa. Wọ́n a gbé wàrà olómi kaná díẹ̀, wọ́n a fún oje ewé bọmubọmu sí i, kò sì ní pẹ́ tí wàrà náà yóò fi dì, tí omi yóò sì ya kúrò lára rẹ̀. Òtútù kọ́ ni ó mú un dì. Èròjà kan wà nínú oje ewé yẹn tí ó ń gé ohun kan tí ó ti wà nínú wàrà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ohun tí ó gé náà a sì wá so mọ́ ara wọn. Ẹ lè se wàrà náà, ẹ sì lè dín in, kò ní di olómi mọ́ láéláé. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì gan-an nìyẹn: èròjà kan gé èròjà mìíràn, àwọn tí a gé náà sì di ara wọn mú. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé láti ìta ni bọmubọmu ti ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbé bọmubọmu tirẹ̀ dání nínú ara rẹ̀ ní dídè, tí ó ń dúró de ọjọ́ tí a óò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta sì wà tí kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni kí èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ dínkù, òun sì ni oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ wà fún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ̀jẹ̀ máa fi agbára tí ó pọ̀ jù ti ara iṣan tí ó ń gbà kọjá. Ẹ̀jẹ̀ dídì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, oògùn rẹ̀ kò sì bomi la ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ tí ó tó nǹkan bí lítà 5 nínú ara. Ẹni tí ó ń lo warfarin ní lítà 5 tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì ki bí ó ṣe ki tẹ́lẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ṣi oògùn yìí pè, tí wọ́n pè é ní "blood thinner", ìyẹn ohun tí ń bomi la ẹ̀jẹ̀, àwa náà sì bá wọn gbé àṣìpè náà wọlé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan ń rẹ́ àlùbọ́sà, ọ̀bẹ sì yọ́ gé e níka. Ohun àkọ́kọ́ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó gé náà yóò sún kì, ihò rẹ̀ yóò sì dínkù, kí ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde má baà pọ̀. Èyí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí wọ́n ń pè ní platelet yóò dé. Ègé wẹ́wẹ́ ni wọ́n, mùdùnmúdùn inú eegun ni ó ń ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sì lò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 láyé. Bí a bá pín ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sí ọ̀nà 50, ìpín kọ̀ọ̀kan yóò ní nǹkan bí 150,000 sí 450,000 platelet nínú. Ní ọjọ́ gbogbo, ṣe ni wọ́n ń yí gbirigbiri kọjá lára iṣan, nítorí pé inú iṣan dán, kò sí ohun tí wọ́n lè rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣan bá ya, ohun tí ó wà lábẹ́ ìdán náà yóò hàn síta, ohun tí ẹ̀jẹ̀ kì í fojú kàn. Àwọn platelet tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, wọn yóò yọ ọwọ́ síta, wọn yóò sì tú èròjà sílẹ̀ tí ń ké sí àwọn yòókù, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ bá dànù ní oríta Ọlá-Ìyá, tí àwọn méjì tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ bá kígbe, tí èrò sì kún ojú ọ̀nà kí a tó ṣẹ́jú. Àkójọ wọn yìí ni ó ń dí ojú egbò, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn lè gbá a lọ.

Nítorí náà ni a fi nílò àwọ̀n. Nínú omi ẹ̀jẹ̀ ni àwọn èròjà kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn onímọ̀ fún wọn ní nọ́ńbà láti 1 dé 13, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà 6, torí pé nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n rí i pé ọ̀kan tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún kà. Oorun ni gbogbo wọn ń sùn. Ìyà ara iṣan ni ó ń jí èkíní, èkíní a jí ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ a jí ọ̀kẹ́ àìmọye, títí tí yóò fi kan èyí tí à ń pè ní thrombin. Thrombin yìí ni bọmubọmu inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń gé ègé kékeré kúrò lára èròjà kan tí ń jẹ́ fibrinogen, èyí tí ó gé náà sì ń di okùn tín-ín-rín tí ń jẹ́ fibrin. Okùn wọ̀nyí ni ó ń hun ara wọn bí àwọ̀n apẹja yí àwọn platelet ká, àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa a há sínú rẹ̀, nọ́ńbà 13 a sì ta kókó sí ojú àwọ̀n náà kí ó lè le. Èyí ni a ń rí tí a fi ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n bá gbé ẹni tí ejò bù jẹ wá, wọ́n lè da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò àyẹ̀wò tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣì ń dà nígbà tí wọ́n bá dorí ìgò kodò, wọ́n mọ̀ pé oró ejò náà ti jẹ èròjà adíjẹ̀ rẹ̀ tán.

Ta ni ó ń tú àwọ̀n náà?

Ara fúnra rẹ̀ ni. Bí ojú egbò bá ti ń jiná, èròjà kan tí ń jẹ́ plasmin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn fibrin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ní ku nǹkan kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i nígbà tí a bá dé orí oògùn.

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì níbi tí egbò kò sí?

Ní ọdún 1856, oníṣègùn ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn ń kà mọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní: kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn bí ó ti yẹ, kí inú iṣan bàjẹ́, àti kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa yá dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti dúró létí odò Ọ̀ṣun yóò mọ èyí àkọ́kọ́. Níbi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, kò sí ìdọ̀tí tí ń dúró, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ tí omi ti ń fà, ibẹ̀ ni ewé àti pàǹtí ń kó jọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó láti Òṣogbo dé Àbújá láìsọ̀kalẹ̀, tàbí tí ó wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà, tàbí tí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n máa ń ba inú iṣan jẹ́. Ní ti èyí kẹta, oyún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yá dì, ewu náà sì ń bá obìnrin dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ó kéré tán. Àrùn jẹjẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ SS àti àwọn kan nínú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí náà wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì ṣe pàtàkì púpọ̀. Nínú iṣan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń rọra ṣàn, okùn fibrin ni ó sì pọ̀ jù nínú ìdìpọ̀ tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò wú, tí yóò máa ro ènìyàn, tí yóò sì gbóná. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ègé kan lè já kúrò, kí ó gba inú ọkàn kọjá, kí ó sì lọ dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró. Èémí yóò ṣàdédé kúrú, àyà yóò máa gún ènìyàn bí ó bá fa èémí sínú, òmíràn a sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe wọ́ ẹsẹ̀ kan tí ó ṣàdédé wú, kí wọ́n má fi òrí àti aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nínú iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ń sáré, àwọn platelet ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Bí ó bá dí iṣan ọkàn, àyà ni yóò máa dun ènìyàn bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e. Bí ó bá dí ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí rọpárọsẹ̀ fi ń wá: ní àwọn àgbàlagbà kan, apá òkè ọkàn kì í lù dáadáa mọ́, ṣe ni ó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ a fà síbẹ̀, a dì, a sì gba ọ̀nà ọpọlọ lọ. Mo mọ̀ pé àfiṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Wákàtí tí wọ́n fi ń wá ẹni tí ó ṣe é ni wákàtí tí dókítà ìbá fi gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà là.

Oògùn wo ló ń ṣe kí ni?

Ẹni tí ó bá ti lóye platelet àti àwọ̀n ti lóye oògùn wọ̀nyí, nítorí pé àwọn kan ń bá platelet wí, àwọn kan sì ń dí ìhunṣọ àwọ̀n náà lọ́wọ́.

Aspirin kékeré, èyí tí ó jẹ́ mílígíráàmù 75, àti clopidogrel ni ó wà fún platelet. Aspirin ń gba ohùn platelet, kò ní lè ké sí àwọn yòókù mọ́ títí tí yóò fi kú. Ìdí nìyẹn tí agbára hóró kan fi ń wà nínú ara fún ọjọ́ mélòó kan, títí tí eegun yóò fi ṣe platelet tuntun.

Fún àwọ̀n, heparin ni abẹ́rẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ enoxaparin tí wọ́n ń gún sí abẹ́ awọ ikùn. Láti inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ heparin tí ó pọ̀ jù lágbàáyé, mo sì máa ń sọ èyí fún àwọn Mùsùlùmí tí ó bá bi mí, nítorí ẹ̀tọ́ wọn ni láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà á láàyè nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, fondaparinux tí wọn kò yọ lára ẹranko sì wà tí wọ́n lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti ọdún 2010 ni àwọn hóró tuntun bí dabigatran, rivaroxaban àti apixaban ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà fún àwọn tí ọkàn wọn ń gbọ̀n. Iye kan náà ni à ń lò lójoojúmọ́, wọn kò sì nílò àyẹ̀wò gbogbo ìgbà bí ti warfarin, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n lówó. Wọn kì í ṣe fún ẹni tí wọ́n fi irin ṣe ìlẹ̀kùn sí ọkàn rẹ̀. Agbára wọn sì ń tán nínú ara láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà ẹni tí ó bá fò ó lọ́jọ́ méjì kò ní ààbò kankan.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn kì í jẹ́ kí ìdìpọ̀ náà dàgbà, kí plasmin ara wa lè ráyè já a díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ń gba oṣù mẹ́ta ó kéré tán, ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í dá oògùn dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti fà. Oògùn tí ń já ìdìpọ̀ fúnra rẹ̀ wà, bí alteplase, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n sì ti ń lò ó. Fún rọpárọsẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ènìyàn láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, nítorí pé rọpárọsẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bíbẹ́ ni iṣan bẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ní aspirin nílé. Ojú lásán kò lè mọ èyí tí ó jẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé oògùn eku ni warfarin?

Lóòótọ́ ni, ìtàn rẹ̀ sì dára láti gbọ́. Ní àwọn ọdún 1920, màlúù ń kú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọgbẹ́ kékeré ni yóò ṣe wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn a sì kọ̀ láti dá. Koríko kan tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ fún wọn, tí ó sì ti bu, ni wọ́n ń jẹ. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1933, àgbẹ̀ kan wakọ̀ gba inú yìnyín lọ sí Yunifásítì ìpínlẹ̀ Wisconsin pẹ̀lú òkú màlúù kan àti garawa tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì kún inú rẹ̀, ó sì gbé e ka Karl Paul Link, onímọ̀ kẹ́míkà, mọ́lẹ̀. Ó gba Link àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó rí èròjà náà. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni warfarin ti jáde, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sì wá láti ara orúkọ àjọ tí ó náwó sí ìwádìí náà. Ní 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn eku, ní 1954 ni wọ́n gbà á láàyè fún ènìyàn, nígbà tí àrùn ọkàn sì kọlu Ààrẹ Amẹ́ríkà, Dwight Eisenhower, ní 1955, òun ni wọ́n fún un. Ìwọ̀n ni ó ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé. Ẹ̀dọ̀ ń lo fítámì K láti fi ṣe nọ́ńbà 2, 7, 9 àti 10 nínú àwọn èròjà adíjẹ̀. Warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí fítámì náà lò tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹ̀dọ̀ bá sì ṣe kò ní lágbára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó tán, ìyẹn sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gún àwọn ní abẹ́rẹ́ ikùn, tí wọ́n tún ń fún àwọn ní hóró pọ̀ mọ́ ọn. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: abẹ́rẹ́ ni ó ń ṣọ́ ilé títí warfarin yóò fi dé.

Kí ni INR, kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ mi léraléra?

INR ni nọ́ńbà tí ń sọ bí ó ṣe pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ti ẹni tí kò lo oògùn máa ń wà ní nǹkan bí 1. Ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo warfarin gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 3, ti àwọn tí ó ní ìlẹ̀kùn irin nínú ọkàn sì lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ ju 2, ààbò kò tó. Bí ó bá ga jù, ìsun ẹ̀jẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Àwọ̀ hóró yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà iye mílígíráàmù ni kí ẹ máa kà, ẹ má ṣe fi àwọ̀ ṣe àmì.

Ṣé kí n má jẹ ewédú mọ́?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, mo sì gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni a jẹ̀bi rẹ̀. A ó kàn sọ fún aláìsàn pé kí ó ṣọ́ra fún ẹ̀fọ́, aláìsàn a sì lọ máa fi ọbẹ̀ ata lásán jẹ àmàlà fún oṣù mẹ́fà. Lóòótọ́, fítámì K pọ̀ nínú ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewúro. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tí ènìyàn ń jẹ ni dókítà fi ń díwọ̀n warfarin rẹ̀. Ohun tí ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àyípadà òjijì. Ẹni tí ń jẹ ewédú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá dá a dúró pátápátá, INR rẹ̀ lè fò sókè. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́, tí ó wá lọ sí ìnáwó tí ó sì fi ẹ̀fọ́ rírò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, yóò wálẹ̀. Oṣù Ramadan àti àwẹ̀ gígùn náà lè yí i padà, ó sì yẹ kí a sọ fún dókítà kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kò bá a rẹ́?

Oògùn tí a kò kà sí oògùn ni ó ń fa ìjàǹbá jù. Ìyẹ̀fun Alabukun tí a ń lá fún orí fífọ́ ní aspirin nínú, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju ti hóró kékeré 75 lọ fíìfíì. Ẹni tí ó lo warfarin tí ó sì lá a, platelet àti àwọ̀n ni ó dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń lò fún ara ríro lè dá ọgbẹ́ sí inú ìfun tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa sun láìsí ẹni tí ó mọ̀. Flagyl, Septrin àti ciprofloxacin ń mú kí warfarin lágbára sí i. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ní ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti àwọn àgbo mìíràn inú ìgò, n kò lè sọ ohun tí ó wà nínú wọn, ẹni tí ń tà á pàápàá kì í sábà sọ ọ́, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè díwọ̀n warfarin lé e lórí. Paracetamol ní ìwọ̀n tí ó yẹ ni ó sàn jù fún ara ríro. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ ibà ní ìdí láìmọ̀ pé ẹ ń lo oògùn yìí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè kó jọ sínú ẹran níbẹ̀.

Obìnrin tí ó bá ń lo warfarin, tí ó sì rí i pé nǹkan oṣù òun kò wá, kí ó tètè rí dókítà lọ́jọ́ náà. Warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Heparin kì í kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, òun ni wọ́n sì máa ń fi rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá ńkọ́?

Ìdàkejì ọ̀rọ̀ yìí náà wà. Ní àwọn ìdílé kan, wọ́n máa ń bí ọmọkùnrin tí nọ́ńbà 8 tàbí 9 kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ni ó sì máa ń gbà á, bí ara ìyá tilẹ̀ le. Ọjọ́ ìdábẹ́ ni àṣírí máa ń tú. Olóólà yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń ṣe é fún gbogbo ọmọ, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa jò títí di ọjọ́ kejì, ni wọ́n yóò bá ní ọwọ́ olóólà kò dára tàbí pé ayé ni. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣe arákùnrin ìyá tàbí ọmọ àbúrò ìyá rí, àyẹ̀wò ni kí a kọ́kọ́ ṣe, kí abẹ tó kan ọmọ náà.

Ọmọ tuntun gbogbo ni fítámì K kò tó lára wọn, nítorí pé díẹ̀ ni ó ń ti ara ìyá kọjá, díẹ̀ sì ni ó wà nínú omi ọyàn. Henrik Dam ará Dẹ́ńmákì ni ó ṣàwárí fítámì yìí lára òròmọdìẹ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dá, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1943 nítorí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìbí ti tó láti dáàbò bo ọmọ. Àwọn tí a bí nílé ni kì í sábà rí i gbà.

Fún ìyálọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tranexamic acid wà, èyí tí Utako Okamoto àti ọkọ rẹ̀ ṣe jáde ní Japan ní 1962. Kò ní kí ẹ̀jẹ̀ dì. Plasmin ni ó ń dì lọ́wọ́ mú, kí ó má baà já àwọ̀n tí ara ti hun. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, tí àwọn obìnrin 20,060 láti orílẹ̀-èdè 21 kópa nínú rẹ̀, tí Nàìjíríà sì wà lára wọn, fi hàn pé ó ń dín ikú láti ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ yíya kù, bí wọ́n bá fún obìnrin náà láàárín wákàtí mẹ́ta.

Bí mo bá gbàgbé, tàbí bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀?

Ẹni tí ó gbàgbé warfarin ìrọ̀lẹ́, tí ó sì rántí kí aago méjìlá òru tó lù, kí ó lò ó. Bí aago méjìlá òru bá ti kọjá, kí ó fi ti àná sílẹ̀, kí ó lo ti òní nìkan, kò gbọ́dọ̀ lo méjì pọ̀. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Èrìgì tí ó ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a ń fi pákò rin ẹnu kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tí ó dúdú bí ọ̀dà, ìtọ̀ pupa, èébì tí ó ní ẹ̀jẹ̀, imú tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a ti fún un mú, àti orí fífọ́ líle tí ó ṣàdédé dé, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tí ó ṣubú tí ó fi orí gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bákan náà, kódà bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ kankan níta. Àwọn dókítà ní ohun tí wọ́n fi ń dá a padà: fítámì K fún warfarin, protamine fún heparin.

Ìyá ọjọ́ Ajé yẹn fi oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ìwé àyẹ̀wò kejì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn tó. Wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ìwé tuntun tí INR rẹ̀ jẹ́ 2.4. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ṣíbí ewédú méjì tí àwọn ń bù sórí àmàlà lè di mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Mo ní kí wọ́n fi í sí méjì.